Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí òwe yìí ṣe àjèjì sí. A máa ń pa á fún ọba tí ó bá fẹ́ fi ìbínú tú ìlú ká, a sì máa ń pa á fún bàbá tí ó bá fẹ́ lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé nítorí àṣìṣe kan. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí èmi tó rí i pé òwe náà bá ìtàn mìíràn mu rẹ́gí, ìtàn tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì: ìtàn ohun tí ọmọ ènìyàn ń ṣe fún ẹṣin tí ó bá ń mi orí lábẹ́ ẹni tí ó gùn ún.

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi ronú nípa ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìwúyè ọba kan tí wọ́n pè mí sí. Olóyè kan gun ẹṣin funfun wọ agbo, gángan sì ń ki baba rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹṣin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ju orí sókè sódò. Àwọn èrò hó yèè, wọ́n ní ẹṣin ń jó. Onílù pàápàá yí ọwọ́ ìlù rẹ̀ padà kí ó lè bá orí ẹṣin náà mu. Bí ẹṣin ṣe ń mi orí ni olóyè ń fa ìjánu, bí ó sì ṣe ń fà á ni ẹṣin túbọ̀ ń mi orí. Bàbá arúgbó kan tí ó ń tọ́jú ẹṣin náà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè, ẹ dẹ okùn náà díẹ̀. Kì í ṣe ijó ni ó ń jó o, ẹnu ni ó ń dùn ún.” Olóyè rẹ́rìn-ín, kò dá a lóhùn. Nígbà tí ayẹyẹ parí, bàbá náà yọ irin kúrò lẹ́nu ẹṣin, mo sì rí itọ́ tí ó ti dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fi ibi tí eyín kan ti mú bí ọ̀bẹ, tí ó sì ti gé ẹran náà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, hàn mí. N kò lè dá olóyè nìkan lẹ́bi. Èmi náà wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè bí ó ṣe jẹ́ tí àwa tí ẹṣin pọ̀ tó báyìí nínú òwe àti ìtàn wa kò fi mọ ìrora yàtọ̀ sí ijó. Bí a bá fi ojú inú wo ìtàn ilẹ̀ wa, a ó rí i pé ọlá ẹni tí ó gun ẹṣin ni a mọ̀ jù. Ẹṣin ni ó sọ Ọ̀yọ́ Ilé di ìjọba ńlá. Láti ìhà òkè ọya ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú wọn, nítorí pé eṣinṣin tsẹ́tsẹ́ tí ń gbé àrùn kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé ní ilẹ̀ igbó. Ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti dé ilẹ̀ Dàhòmì, wọ́n sì gbógun ti Agaja tí ó jẹ́ ọba ibẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa Aláàfin Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ pé ó ní kí wọ́n so ewé mọ́ ìrù àwọn ẹṣin ogun rẹ̀ kí ó lè máa gbá ojú ipasẹ̀ wọn rẹ́. Ọgbọ́n ogun gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìtàn rántí ìrù ẹṣin, kò sọ fún wa nípa ẹnu rẹ̀. Àní oyè Olókùn-ẹṣin, tí ó jẹ́ oyè pàtàkì ní ààfin Ọ̀yọ́, a mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ní láti bá Aláàfin kú láyé àtijọ́. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ irú àwọn tí ó di okùn ẹṣin mú, ìyẹn ìmọ̀ irú bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò wọ inú ìwé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yà sí.

Kí a tó lọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìjánu ń ṣe. Irin rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ahọ́n ẹṣin, ó sì kan àlàfo tí kò ní eyín láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn. Awọ tín-ín-rín ni ó bo egungun níbẹ̀. Okùn tí a so mọ́ irin yìí ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gun ẹṣin, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ohun tí ọwọ́ bá ṣe ni ẹnu ń gbọ́. Bákan náà ni eyín ẹṣin kì í yéé yọ sókè. Bí ó bá ń jẹ koríko, eyín ń jẹ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ dọ́gba. Etí eyín òkè níhà ìta a máa mú, a sì máa gé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Etí eyín ìsàlẹ̀ níhà inú a máa mú, a sì máa gé ahọ́n. Bí a bá wá fa irin mọ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀, kí ni a retí pé kí ẹran náà ṣe? Kò ní ọwọ́ tí yóò fi yọ irin náà, kò sì ní ohùn tí yóò fi ráhùn. Orí nìkan ni ó ní láti mì.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣẹ́ kù fún wa lórí ẹṣin gígùn ni èyí tí Xenophon, ọmọ ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi. Jagunjagun ni ọkùnrin yìí, kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣojo. Ó gbà pé irin méjì ni ó yẹ kí ènìyàn ní, ọ̀kan tí ó ń gúnni àti ọ̀kan tí ó jọ̀lọ̀, kí ẹṣin lè tipasẹ̀ èkínní mọ iyì èkejì. Lójú tiwa lónìí, ìwà ìkà wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ́ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin láé, àti pé ọwọ́ gbọdọ̀ rọ̀ ní kété tí ẹran bá ti gbọ́rọ̀. Ó tilẹ̀ gba ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ Simon, ẹni tí ó ti kọ̀wé lórí ẹṣin ṣáájú rẹ̀, pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹṣin ṣe kò lè lẹ́wà, gẹ́gẹ́ bí ijó ẹni tí a ń nà ní pàṣán kò ṣe lè lẹ́wà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, agbo ìwúyè ọjọ́ náà ni ó padà sí mi lọ́kàn. Ohun tí àwa pè ní ijó, ẹni tí a ń nà ni ó ń jó o.

Ó ṣeni láàánú pé irin tí ń gúnni ni ọ̀pọ̀ ìran tí ó tẹ̀lé e rántí, wọ́n gbàgbé ọwọ́ tí ń rọ̀. Bí ẹṣin bá mi orí, wọ́n á wá irin tí ó le jù ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá sì ń ju orí sókè, àwọn ará Yúróòpù ní okùn kan tí wọ́n ń pè ní martingale, èyí tí wọ́n ń so láti ìsàlẹ̀ àyà ẹṣin mọ́ orí rẹ̀ tàbí mọ́ okùn ìjánu, kí orí má baà lè kọjá ibi tí ẹlẹ́ṣin fẹ́. N kò sọ pé okùn yìí kò ní ìwúlò kankan, nítorí pé orí ẹṣin tí ó bá fò sókè lójijì lè fọ́ imú ẹni tí ó gùn ún. Ohun tí mo ń sọ ni pé okùn náà dá orí dúró, kò bi orí léèrè ohun tí ó ń ṣe é.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà ní gbangba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ni ìjà náà dá lé lórí jù, kì í ṣe ẹṣin gígùn. Àwọn ọlọ́lá ayé ìgbà náà fẹ́ràn kí orí ẹṣin wọn nà sókè gan-an bí ti ẹni tí ń gbéraga. Wọ́n ṣe okùn kan fún un tí a ń pè ní bearing rein, tí ó ń fa orí náà sẹ́yìn, tí ó sì ń dè é mọ́ ìjókòó ìjánu lẹ́yìn ẹran náà. Ẹṣin tí a bá dè báyìí kò lè rẹ orí sílẹ̀ láti fi agbára fa ẹrù gun òkè, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a ká, èémí rẹ̀ a sì máa há. Ó máa ń ju orí láti wá ìtura, itọ́ a sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ títì a sì máa sọ pé ẹ wo ẹṣin tí ara rẹ̀ yá! Bí àwa ṣe sọ pé ẹṣin ń jó ni àwọn náà ṣe sọ tiwọn. Ojú tí ń wá ẹwà kì í sábà rí ìyà.

Ní 1875, Edward Fordham Flower, ọkùnrin kan tí ó ti fi ọtí pípọn lówó ní Stratford-upon-Avon, tẹ ìwé kan jáde láti bá okùn yìí àti irin líle wí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Anna Sewell dé. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin yìí ti ṣubú tí ó sì ṣe ẹsẹ̀ léṣe. Kò tún lè rìn dáadáa mọ́ títí ayé rẹ̀, ẹṣin ni ó sì ń gbé e kiri. Ẹni tí ẹṣin jẹ́ ẹsẹ̀ fún ni ó wá di ẹnu fún ẹṣin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1877 ni ìwé rẹ̀, Black Beauty, jáde. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ nínú ìwé náà, ó sì sọ ohun tí irin ń ṣe sí ẹnu àti ohun tí okùn ń ṣe sí ọrùn. Oṣù karùn-ún lẹ́yìn èyí ni Sewell kú, ní 1878. Kò rí i nígbà tí George Angell, tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn aláàánú ẹran sílẹ̀ ní Massachusetts ní 1868, tẹ ìwé náà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1890 tí ó sì pín in káàkiri. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọlọ́lá láti lo okùn náà. Kì í ṣe òfin ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́gun rẹ̀ bí kò ṣe pé ẹnìkan jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tí mímì orí ń wí.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ì bá rọrùn: ẹ rọ ọwọ́, orí yóò dẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í sábà rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹṣin kan wà tí a tọ́jú eyín wọn, tí a yọ irin kúrò lẹ́nu wọn, tí ẹlẹ́ṣin tí ó gbọ́n jù lọ gùn, síbẹ̀ tí wọn kò yéé mi orí. Wọ́n á jù ú sókè lójijì bí ẹni pé oyin wọ ihò imú wọn. Wọ́n á máa fọn imú, wọ́n á sì máa fi í ra ẹsẹ̀ ara wọn tàbí ilẹ̀, àní lórí ìrìn. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹni tí ó gùn ún, ọ̀pọ̀ wọn ni a sì ti pa nítorí rẹ̀. Ní 1987, J. G. Lane àti T. S. Mair, oníṣègùn ẹran ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jábọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún irú ẹṣin yìí. Mọ́kànlá péré ni wọ́n ti rí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa á.

Ní 1995 ni John Madigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California tí ó wà ní Davis sọ nípa ẹṣin méje tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń kó sí ìyọnu yìí. Nígbà tí wọ́n fi aṣọ bo ojú àwọn ẹṣin wọ̀nyí tàbí tí wọ́n mú wọn lọ sínú òkùnkùn, wọ́n rí i pé orí mímì náà rọlẹ̀ tàbí kí ó dáwọ́ dúró. A mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n máa ń sín bí wọ́n bá jáde láti inú ilé sí oòrùn. Ohun tí ó jọ èyí ni àwọn onímọ̀ náà ro pé ó ń ṣe ẹṣin, àyàfi pé tirẹ̀ di ìrora. Èyí jẹ́ kí ó yé wa ìdí tí àìsàn náà fi máa ń dé bá ọ̀pọ̀ ẹṣin ilẹ̀ òtútù ní ìgbà tí oòrùn bá ń ràn, tí ó sì ń lọ bí òtútù bá dé. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Davis kan náà fi hàn pé iṣan ńlá tí ń gbé ìmọ̀lára ojú àti imú lọ sí ọpọlọ ti di ẹlẹ́gẹ́ jù nínú àwọn ẹṣin tí àìsàn yìí ń ṣe. Ohun kékeré tí kò lè jí iṣan ẹṣin tí ara rẹ̀ le ń jí tiwọn. Afẹ́fẹ́ lásán, eruku, ìmọ́lẹ̀ tàbí òjò lè di abẹ́rẹ́ lójú wọn. Bí a bá sì yẹ iṣan náà wò lẹ́yìn ikú, kò sí ọgbẹ́ tí a lè tọ́ka sí.

Kí ìmọ̀ yìí tó dé, kí ni àwọn oníṣègùn kan ṣe? Wọ́n gé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka iṣan náà. Orí bíbẹ́ ni èyí, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n ṣe é fún ni kò rí ìwòsàn, ìrora àwọn mìíràn sì pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti gé e. Lónìí, ọ̀nà tí ó rọ̀ ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń fi àwọ̀n bo imú ẹṣin kí afẹ́fẹ́ má baà gún un, wọ́n ń fi ìbòjú dín ìmọ́lẹ̀ kù, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi abẹ́rẹ́ tí iná mànàmáná díẹ̀ ń gbà kọjá tu iṣan náà nínú. Kò sí èyí tí ó ń wo gbogbo ẹṣin sàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ń fi ìyà kún ìyà.

Ọgbọ́n tí gbogbo ìtàn yìí fi lé wa lọ́wọ́ kò ṣòro láti sọ, àfi láti ṣe. Bí ẹṣin bá ń mi orí, kí a kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kí a yọ irin lẹ́nu rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó sáré yí wa ká láìgbé ẹnikẹ́ni. Bí orí bá dúró jẹ́ẹ́, a mọ̀ pé ẹ̀bi náà wà lára irin, tàbí gàárì, tàbí ọwọ́ àwa fúnra wa. Bí kò bá dúró, kí a pe ẹni tí ó mọ̀ láti yẹ eyín wò, kí ó wo etí bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, kí ó wo ojú, imú àti ọrùn. Ìgbà tí a kò bá rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí ni a tó lè dárúkọ iṣan. Kò sí ibi kankan nínú ètò yìí tí a ti sọ pé kí a fa okùn le sí i.

Ibi tí èdè wa ti ní ohun tí yóò sọ sí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Mo ti wí pé ìtàn wa kò sọ púpọ̀ nípa ẹnu ẹṣin, ṣùgbọ́n èdè máa ń rántí ohun tí ìtàn gbàgbé. Kí ni Yorùbá ń pe ìwà ẹni tí ó lè ṣẹ́gun ìbínú ara rẹ̀? Ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ ẹṣin, wọ́n sì mọ ìjánu. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ìwà ọmọlúàbí, kì í ṣe ẹni tí ó kó ẹlòmíràn níjàánu ni wọ́n yìn. Ẹni tí ó fi ìjánu sí ẹnu ara rẹ̀ ni. Ohun tí Xenophon fi gbogbo ìwé wá, tí Sewell sì fi ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀ kọ, wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ń sọ lójoojúmọ́ láìfọkàn sí i.

N kò rò pé orí ẹṣin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Gbogbo ẹni tí ó bá di okùn ohunkóhun mú, ìbáà ṣe olùkọ́ nínú kíláàsì, ìbáà ṣe òbí nínú ilé, ìbáà ṣe olórí lórí àga, yóò rí ọjọ́ tí ohun tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò mi orí. Ní ọjọ́ náà, ohùn méjì ni yóò gbọ́. Èrò yóò máa hó pé ijó ni. Bàbá kan tí aṣọ rẹ̀ kò dára yóò sì tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì, yóò ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó dẹ okùn náà díẹ̀.